Abẹ́rẹ́ Tó Gba Àárín Irin Géètì

Ọdún tí owó epo mọ́tò gòkè, tó sì gbàgbé ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń bi mí bóyá lóòótọ́ làwa tí à ń wa ọkọ̀ aláìsàn gbé ìwọ́de lọ sí Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, nítorí abẹ́rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má wò mí bí akọni. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà débi pé ó ṣì máa ń bà mí nígbà míì tí mo bá ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́.

Dírẹ́bà ni mí. Òṣú ni ọkọ̀ mi wà. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n sẹ́kọ́ńdìrì ò wọ̀ mí; kò pẹ́ tí àwa méjèèjì fi gbà pé kí oníkálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni Ìbídùn, ọmọ Iléṣà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó máa ń kọ orin nínú ọkọ̀ kódà bí aláìsàn ò bá fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀. Òun ló ń di ọgbẹ́, òun ló ń di ọwọ́ aláìsàn mú. Èmi, mò ń tẹ fèrè.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́nà Ifẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi edé sí. Ara rẹ̀ kọ edé, kò sì mọ̀. Ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ wú, ọ̀fun rẹ̀ ń dí. Àwọn ará ilé ní májèlé ni, wọ́n ti da epo pupa sí i lẹ́nu kí wọ́n tó pè wá. A gbé e, mo tẹ fèrè, gbogbo ọkọ̀ ń yà fún wa bí ẹni pé ọba ló ń kọjá. Kí a tó dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Dókítà tó gbà á lọ́wọ́ wa bi Ìbídùn pé ṣé a ò ní adirẹnálíìnì nínú ọkọ̀ ni, pé abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n máa ń gún fún ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ nǹkan báyìí, ní itan, kíákíá, kí ọ̀nà èémí tó dí pátápátá. Ìbídùn ní a ní fèrè.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan méjì nìyẹn: ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń gún un, ẹ sì fi í sínú ọkọ̀ wa. Alága wa, Kọ́múréèdì Sùlé, ọmọ Òṣogbo tí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ réluwéè, lọ bá ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀gá náà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó fún un ní mínírà tútù, ó wá béèrè pé irú dírẹ́bà wo lèèyàn máa fi abẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́, ṣé tó bá dọ̀la a ò ní sọ pé iṣẹ́ abẹ la fẹ́ ṣe. Nígbà tí Sùlé ròyìn ẹ̀ fún wa nípàdé, mo rẹ́rìn-ín, torí ó jọ pé ọkùnrin náà mọ̀ mí. Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ṣì ń gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe ń fa èémí.

Ọ̀fàtẹ̀dó la ti kó ara wa jọ. A ṣẹ́ ẹ̀ka igi, a so ó mọ́ bọ́ńpà, a so ó mọ́ iwájú dígí, torí ìwọ́de tí kò bá léwé, àwọn èèyàn á rò pé òde ìyàwó lẹ ń lọ. Nígbà tí a dé Àbẹ̀rẹ̀, Sùlé ní ká fi ọkọ̀ dí géètì ọ́fíìsì náà pa, imú sí ìdí, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Tèmi ló sún mọ́ irin jù. Àwọn sikiọ́rítì náà ti géètì láti inú, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i. Àwa tì wọ́n mọ́lé, àwọn tì wá síta, inú gbogbo wa dùn.

Oòrùn mú. Ewé tí a kó wá rọ. Sùlé ní wọ́n á rò pé àwa náà ti rọ, ká lọ ṣẹ́ tútù. Igi máńgòrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Àwọn kan nínú wa fa ẹ̀ka kan, ẹ̀ka ò gbà, wọ́n tún fà á. Ilé agbọ́n ló wà lórí ẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé òun ò sá, irọ́ ló ń pa. Èmi tí mo ti ń búra látàárọ̀ pé tíágáàsì ò lè lé mi, abẹ́ ọkọ̀ ni mo bá ara mi. Nígbà tí agbọ́n lọ tán, a ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ta Ìbídùn lọ́rùn, òun náà ń bá wa rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í họ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rín tán lójú ẹ̀. Ara rẹ̀ ń lé bí ẹni tí wọ́n fi èsìsì nà, ètè rẹ̀ sì ń nípọn níṣojú mi.

"Bàbá Fọlákẹ́," ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. "Ọ̀fun mi ń dí. Bíi tọmọ ọjọ́sí."

Mo ti gbé òkú rí. Mo ti gbé ẹni tí tírélà gé lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn, mi ò mọ orin tí wọ́n máa ń kọ. Mo sáré ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀: báńdéèjì, ìbọ̀wọ́, ike omi kan. Mo ṣáà wò ó, bóyá Ọlọ́run ti fi nǹkan kún un.

Kí n tó padà, obìnrin kan ti gbé ìgò epo pupa dé. Àwọn kan ń sọ pé agbọ́n kọ́, pé àwọn ará inú ọ́fíìsì ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí i torí ẹnu rẹ̀ mú jù. Ìbídùn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó wo ìgò yẹn, ó mi orí. Mo gba ìgò náà, mo dà á sílẹ̀. Obìnrin náà ní kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní àmín.

Kílíníìkì àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ọgbà yẹn, kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè ju òkò dé. Géètì tí àwa fúnra wa dí ló wà láàárín. Èmi àti Sùlé gbé Ìbídùn lé apá, a fi ẹ̀gbẹ́ gba àlàfo àwọn ọkọ̀ títí a fi kan irin. A gbé e jókòó, ó fẹ̀yìn ti àyà Sùlé. Sikiọ́rítì tó wà nínú ní kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ òun, ọ̀gá òun ti mú un wọlé.

"Ṣé o ò rí i pé ó ń kú ni?" Sùlé bi í.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé."

Lẹ́yìn náà ló wo ojú Ìbídùn. Ó kó eré lọ sí kílíníìkì.

Mátróònù kílíníìkì náà ló bá dé, obìnrin àgbàlagbà, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ kan ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń sọ pé, "Mọ́mì, dókítà ò tíì fọwọ́ sí i." Dókítà wà nípàdé. Ìpàdé lórí ohun tí wọ́n máa ṣe fún àwa oníwọ́de ni.

"Kí ló ta á?" Mátróònù bi mí.

"Agbọ́n, mà."

"Ẹ gbé itan ẹ̀ sún mọ́ irin."

Mo gbé e. Ó ki ọwọ́ bọ àárín irin géètì, ó sì gún un láti orí aṣọ. "Tó bá dọ̀ràn, kó dọ̀ràn," ó sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

A wá ń dúró. Ẹ̀yin ọmọ, ìdúró yẹn gùn ju gbogbo ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí mo ti ṣe lọ. Èémí Ìbídùn ń han bí ilẹ̀kùn tí ò rí òróró. Mò ń gbàdúrà, àdúrà ò tò lẹ́nu mi. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣáà ń padà sí. Díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ń dẹ̀. Ó la ojú.

Mátróònù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹyọ kan tí òun ní nìyẹn, pé ọ̀fun náà lè tún padà dí, ká máa gbé e lọ ọsibítù.

Ká máa gbé e lọ, pẹ̀lú imú sí ìdí. Ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dí tèmi mọ́lé, ti fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ti lọ ra búrẹ́dì. Títarí la fi gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí mo bọ́ sójú títì, ewé ṣì wà níwájú dígí mi, mi ò rántí tú u. Mò ń tẹ fèrè. Àwọn ọlọ́kadà na ọwọ́ sókè, wọ́n ń kí mi kú ìjà. Wọ́n rò pé ara ìwọ́de ni, ẹnì kan ò yà. Ìgbà tí a gbé ọmọ yẹn, gbogbo ayé yà, a ò sì ní oògùn. Báyìí tí oògùn ti wọlé, tó sì lè tán lára nígbàkígbà, ewé wa ló ń dí wa lọ́nà.

"Ìbídùn, kọrin," mò ń pariwo sẹ́yìn. "Mo ní kó o kọrin."

Ó kọ ọ́. Kò dùn rárá. Mò ń sunkún, mò ń wakọ̀, mò ń tẹ́tí kí ohùn yẹn má tún yí padà. Kò yí padà títí a fi dé.

Ohun tí a rí gbà: wọ́n kọ́ wa. Ọsàn ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ṣe ń gún un, mo sì gún tèmi ní ìgúnkúgùn débi pé olùkọ́ ní ọsàn tèmi nílò ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n kọ́ wa láti mọ̀ ọ́n lójú, létè, lọ́fun, ká má dúró de ẹni tó ń wá májèlé kiri. Wọ́n fi àpótí abẹ́rẹ́ sínú ọkọ̀ wa. Ọkùnrin kan ní Òṣú, tí oyin ta nínú oko kòkó, ń jẹun nílé ẹ̀ báyìí torí pé Ìbídùn gún un ní itan, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ohun tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́: wọ́n kọ kúẹ́rì fún Mátróònù pé ó gún abẹ́rẹ́ láìgba àṣẹ, wọ́n gbé e lọ sí ibi tó jìn sílé rẹ̀. A kọ̀wé, a bẹ̀bẹ̀, wọn ò dá wa lóhùn. Bí máńgòrò bá ti ń tanná, Ìbídùn kì í kọrin nínú ọkọ̀ mọ́. Ó máa ń yí gíláàsì sókè, á di ike omi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Oògùn inú àpótí wa ti kọjá ọjọ́ tó yẹ ká lò ó, wọ́n ní ká ní sùúrù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń padà sí Àbẹ̀rẹ̀, nítorí àpótí yẹn àti nítorí Mátróònù. Nípàdé ìkẹyìn, Sùlé tún ń sọ bí a ṣe máa to ọkọ̀ sí géètì. Ìbídùn dìde, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ewé Ìjẹ̀ṣà wá tí wọ́n bá fẹ́.

"Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ kan máa gbà kọjá," ó sọ, "ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."