Alhaji Pa Jẹnẹrétọ̀, Káàdì Mi Kú

Ẹ̀yin ará, ta ló ń pa jẹnẹrétọ̀ ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn?

Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mo ní níbí ní Apomu ni mo tẹ ìtàn ìlú wa sí, èyí tí bàbá tó bí Alhaji onílé mi sọ fún mi kí bàbá náà tó jáde láyé. Díìsìkì rẹ̀ ti ń han gooro, ó lè dákẹ́ nígbàkigbà. Mo wá ra káàdì kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, tí màá fi da ìtàn náà sórí mẹ́mórì bíi ti fóònù. Kọ̀ǹpútà kò dá a mọ̀, àfi kí n kọ fámúwià tuntun sí i, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì náà. Ó ń kọ̀, ó ń kọ̀. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Bí iná bá lọ kó tó parí, káàdì bàjẹ́ nìyẹn; ìdí nìyẹn tí mo fi tan jẹ́n mi.

Ó kù díẹ̀ kó parí, gbogbo ilé dákẹ́, kọ̀ǹpútà náà sì kú.

"Alhaji, ta ló pa jẹ́n?"

"Èmi ni o! Iná ìjọba ti dé. Ṣé o fẹ́ máa jó epo lásán ni?"

"Ẹ̀ bá kọ́kọ́ pè mí, sà."

"Kí n pè ọ́ kí n tó ṣe ọ́ lóore? Ẹ̀yin akọ̀wé yìí! Dúpẹ́ jàre."

Mo dúpẹ́. Mo dán káàdì náà wò, kò tanná rárá. Alhaji yọjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ṣé ìtàn bàbá mi ti jáde nínú kọ̀ǹpútà?"

Mo ní ó kù díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ṣé irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣì ṣeé jí dìde? Bí kò bá ṣeé jí dìde, kí ni kí n wí fún Alhaji?