Ojú Ìyá Mi Lára Ògiri

Irọ́ tí bàbá mi pa fún mi ló kó mi sínú iṣẹ́ yìí. Mo gbé fóònù mi sí i níwájú, fọ́tò ìyá mi wà lójú rẹ̀, mo ní kó wò ó. Bàbá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ó wo fóònù náà títí, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mo rí i. Ó mà rẹwà o." Nígbà tí èmi náà bẹjú wò ó, iná ojú fóònù ti kú. Gíláàsì dúdú lásán ni bàbá mi ń yìn.

Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo sunkún. Olùkọ́ ni bàbá mi ní Ìgbẹ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ pípa títí apá fi ń ro ó. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ń purọ́ nítorí kí inú mi má baà bàjẹ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni mo mú bàbá wá sọ́dọ̀ mi ní Adó. Àìsàn kan ń jẹ àárín ìran rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá dojú kọ gan-an ló máa ń ṣú fún un. Ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ló fi ń ríran. Dókítà ojú ní kò sí oògùn tí yóò dá èyí tó ti lọ padà, òun ò sì lè sọ bí èyí tó kù yóò ṣe pẹ́ tó. Nǹkan ńlá ni bàbá ṣì lè rí: ilẹ̀kùn, mọ́tò, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pa Bíbélì rẹ̀ tì, kò sì ráhùn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí a ń jẹ iyán, ó dá òkèlè dúró lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, mo ń gbàgbé ojú yèyé rẹ."

Mo ní, "Bàbá, fọ́tò ìsìnkú wọn ń bẹ lára ògiri, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn."

Ó ní, "Mo rí ìyẹn. Ojú tó ṣe fún afọ́tò ni. Kò fi irú ojú yẹn wò mí rí."

Mo mọ ojú tó ń wá. Ó wà nínú dísìkì kan. Lọ́jọ́ tí bàbá fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ níwèé gbé kámẹ́rà wá sílé wa ní Ìgbẹ́mọ. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi gbé ife omi jáde, ó kúnlẹ̀, ó na ife sí i, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé láti ọ̀la lọ òun ni yóò máa lu agogo fún un. Kò gùn rárá. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, bàbá ló sì ń wò. Tẹlifíṣọ̀n wa kéré, àwọ̀ tó pò mọ́ra wọn nìkan ni bàbá ń rí níbẹ̀. Èyí tí yóò tóbi tó fún un, agbára mi ò ká a. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, àmọ́ wọ́n ti kàn án mọ́ àjà, bàbá sì ti búra pé wọn ò ní fọwọ́ fa òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ewúrẹ́.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní àdúgbò Adébáyọ̀. Sikirínì tí mo ti tú láyé mi kò lóǹkà. Mo ti rí i lórí fóònù pé èèyàn lè ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀: kó tú sikirínì, kó bọ́ àwọn ọ̀rá funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi mọ́ gaara, kó gbé iná tó lágbára sẹ́yìn rẹ̀, kó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá síwájú, àwòrán á sì bọ́ sára ògiri. Mo mú ẹ̀rọ dísìkì alágbèéká tí ìyá mi fi ń wo ìwàásù, mo tú u. Awò pẹlẹbẹ tí bàbá máa ń gbé lé Bíbélì, èyí tí kò wúlò fún un mọ́, mo mú un. Awò tó ní ọwọ́ ìdìmú tó fi ń ka létà, mo mú ìyẹn náà. Inú páálí ni mo to gbogbo rẹ̀ sí, nínú yàrá kékeré tí a ń kó ẹrù sí.

Bàbá a máa wá jókòó tì mí. Ọjọ́ kan mo na ife tíì sí i. Irin gbígbóná tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, òsì ni mo fi na ife. Ó fọwọ́ wá ife náà, ọwọ́ rẹ̀ kan àtàǹpàkò mi, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kò gba nǹkan lọ́wọ́ òsì ẹnikẹ́ni rí, ì báà jẹ́ gómìnà. Mo gbé irin sílẹ̀, mo pààrọ̀ ọwọ́, ó wá gbà á.

Obìnrin tó ń ta aṣọ ní ojúlé kejì, ará Ìsẹ́yìn, yá mi ní aṣọ dúdú tí mo fi dí fèrèsé. Ó wo páálí mi yí ká, ó ní, "Ẹ̀yin ará Èkìtì, orí yín le ju òkúta yín lọ."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tan iná náà, ojú ìyá mi bọ́ sára ògiri, àmọ́ ó dorí kodò. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Mo yí sikirínì náà po títí orí ìyá mi fi wà lókè. Kò pẹ́ ni gbogbo rẹ̀ bá ṣú. Mo fọwọ́ kan sikirínì, ó gbóná bí ìkòkò. Mo pa iná, mo tún un tàn, dúdú ni. Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì, mo bú sẹ́kún. Mo ti ba ẹ̀rọ ìyá mi jẹ́, mi ò sì ní òmíràn.

Bàbá fọwọ́ tọ ògiri wá. "Ṣé uná lọ ni?"

"Iná ò lọ, sà."

Ó gbọ́ ohùn mi. Ó ní, "Ó tó, ọmọ mi. Má pa ara rẹ nítorí mi."

Mo jágbe mọ́ ọn pé kó lọ jókòó. Èmi, tí mi ò sọ̀rọ̀ líle sí i rí.

Nígbà tó di òwúrọ̀, sikirínì náà ti tutù, ó sì ti mọ́ padà. Ooru ló ṣe é, kò tíì kú. Mo fi fáànù kọ̀ǹpútà àlòkù sí i nídìí. Àmọ́ okùn pẹlẹbẹ tó gbé àwòrán wọ inú rẹ̀ ti ń ya létí, sẹ́lótéèpù ni mo fi dì í mú. Mo mọ̀ pé kò ní lò pẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ni mo pe bàbá. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ tó dára jù, ó dé fìlà. Mo mú un jókòó, mo tan iná. Ohùn ìyá mi jáde, àwòrán náà sì gba ògiri kan. Mi ò wo ògiri o. Ojú bàbá mi ni mò ń wò.

"Bàbá, ṣé ẹ rí wọn?"

Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rí i. Ó mà rẹwà o."

Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà. Ó wù mí kí n gbá páálí náà nípàá. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí, pé ojú ti lọ, pé bàbá mi yóò máa purọ́ fún mi títí tí yóò fi kú.

Ìgbà náà ni iwájú orí rẹ̀ ká kò. Ó na ọrùn síwájú.

"Kí ló ṣe yèyé rẹ? Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé omi fún mi."

Mo yíjú sí ògiri. Òótọ́ ni. Ìyá mi kúnlẹ̀, ife sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Èmi ni mo yí sikirínì po bí ẹni yí ìdarí mọ́tò, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹni yí dòdò padà nínú epo ló yẹ kí n yí i. Orí ti wà lókè, àmọ́ ọ̀tún ti di òsì. Mi ò rí i. Bàbá mi ló rí i.

Ẹkún gbé mi mì. Mo ní, "Àṣìṣe mi ni, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe." Láàárín àwòrán náà, dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ooru ti ń mú un. Mo na ọwọ́ sí ibi iná.

"Má fọwọ́ kàn án," ni bàbá mi wí.

Ó dìde dúró. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ara ògiri, síbi tí ife náà wà, ó sì gbà á.