Karimat àti Ìtàdógún Òjé

Karimat, ìyàwó mi, jáde ìwé mẹ́wàá. Èmi ò kọjá ìwé kẹrin. Aṣọ òkè ni mò ń hun ní Bẹyẹrúnkà, Màámi ló ń tà á ní ọjà Òjé.

Lẹ́nu ọdún kan báyìí, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ọjọ́ ọjà. Ojú ń tì í láti béèrè. Karimat nìkan ló fura. Ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Bẹẹrẹ nígbà náà. Ọ̀gá wọn ní kí kálukú ṣe ẹ̀rọ ìṣirò kékeré sínú kọ̀ǹpútà, kó máa rò pọ̀, kó máa yọ kúrò, kó máa sọ di púpọ̀, kó máa pín. Lákọ̀ọ́kọ́, Karimat ní kí tirẹ̀ ro mẹ́jọ mọ́ mẹ́jọ, ó gbé méjìdínláàádọ́rùn-ún jáde. Ó kàn to mẹ́jọ méjì síra bí ẹni to búlọ́ọ̀kù ni. Mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ rọra máa rín. Ẹ̀yin náà ti hun aṣọ tí kò ṣeé tà rí."

Nígbà tó gún, ó fi bọ́tìnnì kan kún un nítorí Màámi. Tó o bá tẹ ọjọ́ tí wọ́n ná Òjé kẹ́yìn sí i, á sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tún ná an.

"Màámi, ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná Òjé?"

"Ìtàdógún ni, ìyàwó. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún."

Karimat kọ mẹ́tàdínlógún sínú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dá, a gbé ẹrù dé Òjé. Ọjà ti tú. Àná ni wọ́n ná an. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní, "Ìyá, ṣé ẹ wá bá mi gbálẹ̀ ni?" Màámi gbé ẹrù padà sórí. Nígbà tá a délé, ó ní, "Ìyàwó, o fi mí ṣẹlẹ́yà." Látọjọ́ náà, kò bá Karimat sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá kúnlẹ̀ kí i, á yíjú.

Mo ṣàlàyé fún Karimat pé ọjọ́ tá a ná ọjà gan-an wà nínú mẹ́tàdínlógún yẹn. Kọ̀ǹpútà ò kà á, ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Mo mà mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ka ọjọ́ ìkómọ." Ó ní tí iná bá dé, òun á tún un ṣe.

Iná ò dé lọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ibà gbé Karimat dè. Lọ́jọ́ keje a sin ín. Màámi ò tíì dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tá a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, Basit, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, gbé kọ̀ǹpútà náà wá láti Bẹẹrẹ. Ó fi ibi tí nọ́ńbà wà hàn mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ mẹ́rìndínlógún." Mo kọ ọ́.

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àkíbù, ọjọ́ wo ló pè é?"

"Ọ̀túnla."

"Ṣé òun ló tún un ṣe kó tó lọ?"

"Òun ni, Màámi."

Nígbà tọ́jọ́ pé, a dé Òjé, ọjà kún fọ́fọ́. Màámi sọ ẹrù kalẹ̀, ó fi ìborùn bojú, ó bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin sáré wá. Wọ́n rò pé wọ́n jí aṣọ rẹ̀ ni.

"Kí ni wọ́n mú lọ, Ìyá?"

Orúkọ Karimat ni Màámi ń pè.