Ìyá Ni Kò Jẹ́ Kó Yá

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn nípa Àbọ̀dé ọmọ Ògúnbíyìí, ó tọ́ kí aráyé mọ̀ pé kì í tú ẹ̀rọ kankan láì kágò. Rédíò ni o, fáànù ni o, ìka àárín ni yóò fi kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní, "Àgò o," yóò sì dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ kí fáànù kan dáhùn pé àgò yà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, Ògún ló ń bọ ní Ìlọrà títí ó fi kú, kò sì gbé òòlù lé irin rí láì kí i. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ̀ bá gbé etí lé ẹ̀rọ, tó ní ibi báyìí ló ti ń ṣe é, àwọn àgbà ìlú kì í gbà pé ẹ̀rọ nìkan ló ń wò. Àbọ̀dé mọ̀ pé wọ́n ń rò bẹ́ẹ̀. Kò tún un ṣe fún wọn. Èrò náà ń pe oníbàárà wá.

Rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1993, nígbà tí ó rí i pé ayé ti ń yí, ó ti ìsọ̀ pa, ó lọ fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, ọ̀gá kò tíì pé ọgbọ̀n, Àbọ̀dé a sì máa kí i pé "Ẹ káàárọ̀, sà" láì rẹ́rìn-ín. Pátákó ńlá kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, tí wọ́n ń gba iná lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń gba ara rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ọ̀gá kò ní sùúrù fún orúkọ tó gùn tó yẹn; ó gé e kúrú, ó ní "ìyá". Àwọn tó jókòó lé e lára di "ọmọ". Láàárọ̀, wọ́n á sọ ní ìsọ̀ náà pé ìyá méjì ló kú lánàá, wọ́n á sì máa jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà wọn lọ. Bí Àbọ̀dé ṣe kó ọ̀rọ̀ náà padà sí Ìlọrà nìyẹn. Kò rántí pé ìlú tí ìyá ti ń jẹ́ ìyá ni òun ń kó o lọ.

Ilé Mọ́rúfù ni ọ̀rọ̀ náà bá. Akọ̀wé ni Mọ́rúfù ní ọ́fíìsì kan ní Jobele, láti Ìlọrà ló ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ó ti lo ọdún méje lórí àga kan náà. Àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́ ti ń buwọ́ lu ìwé fún un. Ní 1997, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ ni òun fẹ́ máa fi ṣe. Eré ìje ọkọ̀ ló ń fi í ṣe. N kò dá a lẹ́bi. Ọkùnrin tí kò lè ré ẹnikẹ́ni kọjá ní Jobele, ó ní láti ré ẹnì kan kọjá níbì kan.

Àmọ́ eré náà kò lọ. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì pé kí ọkọ̀ yà sí ọ̀tún, ọkọ̀ á kọ́kọ́ rò ó wò. Nígbà tí yóò bá fi gbà, ó ti wà lára igi. Àwòrán á máa já, á tún máa so, bí ọ̀rọ̀ ẹnu akólòlò. Wọ́n ní kó ra ìrántí kún ti ẹ̀rọ náà, ó rà á. Wọ́n ní kó pààrọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ náà sí èyí tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ṣì ń kọlu igi. Nígbà tí ọdún yí po, ó ní kí Àbọ̀dé wá bá òun wò ó.

Mọ́rúfù ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí Àbọ̀dé dé. Ìyá Mọ́rúfù, Màmá Àwẹ̀ní, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni ó bá nílé. Ó kágò fún màmá, ó kágò fún ẹ̀rọ. Bí ó ṣe ń tú u, kí ilé má baà pa rọ́rọ́, ó bi màmá pé ó ti tó ìgbà wo tí nǹkan ọ̀hún kò ti lọ déédéé fún Mọ́rúfù. Màmá mí kanlẹ̀, ó ní ó ti pé ọdún méje. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà lésìí. Ṣùgbọ́n Àbọ̀dé kì í bá àgbà jiyàn lórí kàlẹ́ńdà.

Ó gbé etí lé e, ó fi èékánná họ ọ́, ó sì rí i. Ègé dúdú kékeré mẹ́rin wà lára pátákó náà, níbi tí ìyá ti máa ń kó ohun tí àwọn ọmọ yóò béèrè láìpẹ́ pamọ́ sí, kí ó má baà máa rìn jìnnà lọ mú un. Rọ́bà lásán ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ṣe pátákó náà kò fi nǹkan kan sínú wọn. Ó tò wọ́n síbẹ̀ kí ojú lè rí nǹkan wò. Ọpọlọ tuntun, ìrántí tuntun, gbogbo wọn ń dúró de ìyá. Ìbàdàn ni yóò ti rí òmíràn, mọ́tò sì ti fẹ́ kún. Àbọ̀dé kọ ìwé pélébé kan, ó pa á pọ̀, ó ní kí màmá bá òun fún Mọ́rúfù, ó lọ.

Màmá kò mọ̀wé. Fẹ́yìsetán, ìyàwó Mọ́rúfù, ló máa ń bá a ka gbogbo ìwé tó bá wọlé. Tíṣà ni ní Fìdítì, bí tíṣà ló sì ń kàwé: ohùn á lọ sókè, ẹnu á ti kọjá kí ọkàn tó dé ibẹ̀. Bí ó ti ti iṣẹ́ dé, màmá na ìwé sí i, òun náà sì kà á:

"Akọ̀wé, mo kí yín. Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ìyá ni kò jẹ́ kó yá. Ìyá yìí ti gbó, ó ń fa àwọn ọmọ sẹ́yìn. Bí a kò bá gbé e kúrò, gbogbo ohun tí ẹ bá rà, òfo ni. Mo ń lọ wá òmíràn bọ̀ ní Ìbàdàn."

Ibi "òmíràn" ni ọkàn Fẹ́yìsetán ti bá ẹnu rẹ̀.

Màmá ní kí ó tún ibi tó ti ní ó ń fa àwọn ọmọ sẹ́yìn kà. Fẹ́yìsetán ní ó dá òun lójú pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe rò ó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá bi í pé báwo ló wá ṣe jẹ́, ó yí ìwé náà padà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kọ̀ǹpútà ní ìyá.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé màmá kò bínú. Láti ọdún méje ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó dì mọ́ ọmọ òun lẹ́sẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù ìdáhùn yìí. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, ó ní ìyá kì í dúró sójú ọ̀nà ọmọ, ó wọ mọ́tò lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Iware.

Mọ́rúfù dé, ó ka ìwé náà, ó yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ẹní ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti ká. Ó lọ sí Iware lọ́jọ́ kejì, ó ṣàlàyé. Màmá ní ọmọ rere ló ń purọ́ láti bo ìyá rẹ̀ láṣìírí, kí ó máa padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló dá padà.

Ọjọ́ kẹjọ ni Àbọ̀dé ti Ìbàdàn dé. Ó gbé pátákó tuntun sí i, ó to àwọn ọmọ lé e. Mọ́rúfù tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ yà kí ó tó gbé ìka kúrò. Àwòrán ń ṣàn bí epo. Ó ré ọkọ̀ mẹ́fà kọjá, kò sì dùn mọ́ ọn. Ó wá sọ fún Àbọ̀dé ohun tí ìwé pélébé náà fà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àbọ̀dé fi bébà wé pátákó àtijọ́, ó gun ọ̀kadà lọ sí Iware.

Ó kágò lẹ́nu ọ̀nà, màmá ní àgò yà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tú bébà náà síwájú màmá.

"Màmá, ìyá tí mo kọ sínú ìwé nìyí."

Màmá wò ó pẹ́. "Ta ló bí?"

"Kò bí ẹnikẹ́ni, mà. Wọ́n kàn ń jókòó lé e ni."

"Kò ní orúkọ mìíràn?"

"Ó ní, mà. Mọ́dàbọ́ọ̀dù."

"Ìyẹn kò sì ṣeé kọ?"

"Ó gùn, mà."

"Èmi ni mo kúrú."

Àbọ̀dé kò dìde nílẹ̀. Ó fi ègé dúdú mẹ́rin náà hàn màmá, ó sọ bí ọpọlọ àti ìrántí tó yá ṣe ń dúró tì í, tí pátákó náà kò sì rí nǹkan fún wọn. Màmá fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan wò.

"Ṣé òun alára mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú wọn?"

"Kò lè mọ̀, mà. Ohun tí wọ́n fún un ló ń fi ṣiṣẹ́."

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nígbà náà."

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, mà."

Ibẹ̀ ni màmá ti sunkún, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó parí, ó wé pátákó náà padà sínú bébà, ó fi sínú àpò rẹ̀, ó ní àwọn méjèèjì ni yóò jọ relé. Òkè ibùsùn rẹ̀ ló gbé e kọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, "pátákó" ni Àbọ̀dé ń pè é, ní Ìlọrà àti níbi gbogbo.

Ọjọ́ kẹta tí màmá padà dé ni Mọ́rúfù mú lẹ́tà bọ̀ láti Jobele. Wọ́n ti gbé e ga. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, màmá sì ní kí Fẹ́yìsetán ka lẹ́tà náà sókè kí òun fi etí ara òun gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Fẹ́yìsetán jẹ́ kí ojú ṣáájú ẹnu. Déètì tó wà lókè ibẹ̀, ọjọ́ kejì tí màmá kó lọ sí Iware ni. Ó kà á láti orí ìkíni títí dé ibi tí ọ̀gá buwọ́ lù, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Màmá bi í bóyá kò sí nǹkan tó kù lókè bébà náà. Ó ní àdírẹ́sì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ déètì sórí lẹ́tà fún?