Káàdì tí Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì Fẹ́ Fi Ayùn Gé

Kò sẹ́ni tó gbé ayùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rí, àfi olóògbé káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde ka orí káńtà, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i nídìí, ó ní kí òǹtajà bá òun di orí kejì mú. Ìwọ̀n ìka méjì péré lòun fẹ́ gé kúrò lára rẹ̀.

Òǹtajà bi í pé, "Bàbá, bí bàtà ò bá gba èèyàn, ṣé ẹsẹ̀ lẹ máa ń gé ni?"

"Bí àga bá ga jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ là ń gé."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ rèé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà. Bó bá pè, á kí bàbá, á bi í bóyá ó ti jẹun, ó dàbọ̀. Iṣẹ́ ti tán an lókun. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń fi mọ́tò sáré ìje lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì máa tàkúrọ̀sọ fún wákàtí méjì. Ìgbà tí bàbá gbọ́ èyí, ó lóun náà á sáré.

Owó odidi kọ̀ǹpútà géèmù fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a jókòó sílẹ̀. Ló bá ní òun á ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á tò ó fúnra òun. Owó tó tọ́jú láti fi ṣe eyín ló kó jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ télọ̀ ní eyín náà ńkọ́.

"Ta ni mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí nínú ilé yìí?"

Télọ̀ bá a lọ sọ́jà. Oṣù mẹ́rin ló fi tẹ̀ lé e káàkiri, orúnkún ń dùn ún. Gbogbo nǹkan ni káfíńtà ń fi ìka kàn bí ẹní ń dán pákó wò. Wọ́n fi fáànù kọ̀ǹpútà tó ń tan iná aláràbarà hàn án, ó ní kí wọ́n yọ iná rẹ̀, kí wọ́n sì yọ owó iná náà.

Àpótí tí àwọn ẹ̀yà náà máa wà nínú rẹ̀ nìkan ni kò rà. Pákó tó ṣẹ́ kù lára kọ́bọ́ọ̀dù ló fi kàn án, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe wẹ́kú káàdì kékeré tí òun àti òǹtajà ti jọ sọ. Ọjọ́ tó lọ san owó káàdì, ó ná an láti àárọ̀ títí ó fi rẹ òǹtajà. Ọkùnrin náà ní kó gbé èyí tó tóbi jù ú lọ ní iye kan náà, kó ṣáà máa lọ. Ta ni yóò kọ èèni? Bó ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ ná káàdì tí kò wọ àpótí nìyẹn.

Nígbà tó gbé káàdì àti ayùn padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó délé, ó gé àpótí dípò káàdì, ìdí káàdì yọ síta bí ìrù alángbá tó há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Télọ̀ rán àwọ̀n bò ó nítorí eruku. Kọ̀ǹpútà náà sì ṣiṣẹ́.

Ọdún méjì ni káfíńtà fi bá ọmọ rẹ̀ sáré ní gbogbo Sátidé. Bó bá ti ku díẹ̀ kó dé ìlà òpin, á dúró. Ọmọ á ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá, ó ti rẹ̀ mí." Á ní mọ́tò òun ń sinmi. Télọ̀ nìkan ló sọ òótọ́ fún: "Bí mo bá ti kọjá, á ní ó dàbọ̀."

Ìgbà tí bàbá náà kú, ọmọ rẹ̀ wálé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó bi télọ̀ léèrè ìdí tí bàbá òun kì í fi í parí eré, télọ̀ sì sọ fún un. Ọmọ náà tan kọ̀ǹpútà onípákó náà, ó wa mọ́tò bàbá rẹ̀ dé ẹnu ìlà, ó dúró.

Télọ̀ ní kó kọjá, kó lọ sinmi.

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná, Bàbá. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀."

Ó ti rẹ télọ̀, àmọ́ ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ gbé ayùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí.