Ife Inú Kọ̀ǹpútà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá mi sí, tó kọ́ mi ní ohun tí mi ò mọ̀, tó sì fi àwọn èèyàn rere sí ọ̀nà mi kí n tó mọ̀ pé mo nílò wọn. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tọ ipa wọn. Mi ò lè sọ ìtàn kékeré yìí láìkọ́kọ́ dúpẹ́, torí bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ ni mo ń rí i pé kì í ṣe ọgbọ́n orí mi nìkan ló mú mi là á já.

Kotobabi ni wọ́n bí mi sí, ní ìlú Accra. Àwọn òbí bàbá mi ló wá láti ilẹ̀ Yorùbá, Alata sì ni àwọn aládùúgbò ń pè wá títí dòní, bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Nínú ilé, Yorùbá là ń sọ. Tí a bá ti yọjú síta, Twi àti Haúsá dé. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara rédíò àti ti fóònù ní ọjà Circle. Ilé-ìwé tí mọ́sálásí àdúgbò wa dá sílẹ̀ ni mo lọ. A óò ka Kùránì láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni a óò wá kọ́ ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì.

Ilé-ìwé náà kò ní láàbù. Yàrá kan wà tí wọ́n kọ "Láàbù" sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n àga tó ti kán àti ẹní ìkírun ló kún ibẹ̀. Olùkọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, ẹni tí a máa ń pè ní Sà, ló ronú ohun tí a lè ṣe sí i. Ọ̀dọ́kùnrin ni, wọ́n bí i sí Accra bíi tiwa, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa àmọ́ kì í sábà sọ ọ́. Ó bẹ bàbá mi, bàbá mi sì fún ilé-ìwé ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Sà wá fi láàbù kan sínú kọ̀ǹpútà náà.

Bẹ́ẹ̀ ni, odindi láàbù. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí tábìlì lójú ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí òṣùwọ̀n, ẹ ó sì rí ife gígùn tí wọ́n fa ìlà sí lára kí èèyàn lè mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ní apá kan, òkúta wà, irin, igi, yìnyín àti wúrà. Ní apá kejì, omi, oyin, òróró àti kẹrosíìnì. Ohun tí à ń wá lára wọn ni wọ́n ń pè ní dẹ́ńsítì. Sà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa báyìí pé: "Rọ òkúta wẹ́wẹ́ kún ife kan, rọ òwú kún òmíràn tí kò tóbi jù ú lọ. Àyè kan náà ni wọ́n gbà, àmọ́ ṣé wọ́n wúwo bákan náà? Ìyàtọ̀ yẹn là ń wọ̀n." A óò wọn ìwúwo nǹkan, a óò wọn àyè tó gbà, a óò wá fi àyè náà pín ìwúwo. Tó bá jẹ́ òkúta ni, a óò rì í sínú omi, omi á gòkè, ibi tó gòkè dé á sì sọ àyè tí òkúta gbà fún wa.

Kọ̀ǹpútà kan ló wà, àwa sì pọ̀. A máa ń tò sẹ́yìn ara wa, ẹni tó bá kàn á sọ pé "Bísímílà" kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi fẹ́ràn wúrà. Ó kéré, ó sì wúwo, mo máa ń wọ̀n ọ́n títí sú àwọn tó wà lẹ́yìn mi.

"Ó tó o, Alata!" Ọmọbìnrin Haúsá kan tí a jọ máa ń jókòó ló pariwo lọ́jọ́ kan. "Ṣé o fẹ́ gbé wúrà yẹn lọ sílé ni?"

"Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Torí kí ni? Ṣé ó ti sanra láti àná ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Sà náà ò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Chale, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ò ṣá ní jẹ wúrà yẹn."

Nígbà tí a fẹ́ parí ilé-ìwé wa, Sà gbọ́ pé ilé-ìwé àwọn obìnrin kan tó tóbi ń wá àwọn ọmọ láti ilé-ìwé kéékèèké tí wọ́n lè fi sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Wọ́n á dán ọmọ wò nínú láàbù wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi orúkọ mi sílẹ̀, ó sì wá bá bàbá mi sọ ọ́.

Mo fẹ́ di ẹni tó ń po oògùn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń ránṣọ nítòsí ilé wa, ti ní kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Bàbá mi pè mí jókòó.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Bí wọ́n bá mú ọ, sáyẹ́ǹsì lo máa ṣe, màá sì dúró tì ọ́. Bí wọn ò bá mú ọ, wàá lọ bá àǹtí rẹ, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, bàbá mi. Ẹ ṣé gan-an."

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín láti ibi tó jókòó sí. "Má jẹ́ kí àyà rẹ já, jàre. Bí wọ́n bá lé ọ lọ́hùn-ún, èmi ò ní lé ọ. Kí Ọlọ́hun ṣe èyí tó dára jù."

Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ti bá Ọlọ́hun yan èyí tó dára jù náà.

Sà kìlọ̀ fún mi kí n tó lọ. "Òkúta inú kọ̀ǹpútà kì í rin," ó ní. "Èyí tí wàá fọwọ́ mú, rírin ló máa rin. Kọ́kọ́ wọn ìwúwo rẹ̀ nígbà tó ṣì gbẹ. Má sì wo omi láti òkè o. Bẹ̀rẹ̀, kí ojú rẹ bá a dọ́gba."

Ní ọjọ́ ìdánwò, èmi àti bàbá mi wọ ọkọ̀ trótró lọ. Ó dúró sí ẹnu géètì, mo wọlé. Láàbù náà mọ́lẹ̀ gan-an, ó ń rùn bíi sípíríìtì, àwọn ọmọbìnrin mìíràn sì ti dúró nídìí tábìlì wọn. Wọ́n fún oníkálukú ní òkúta tí wọ́n so okùn mọ́, ìgò òróró ẹ̀pà, ife gíláàsì, ife gígùn onílà àti òṣùwọ̀n. Obìnrin tó ń ṣọ́ wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù, ní kí a wá dẹ́ńsítì òkúta àti ti òróró.

Mo ní Bísímílà. Mo ṣe òkúta bí Sà ṣe wí, kò sì sí wàhálà. Mo wá kọjú sí òróró. Mo dà á sínú ife gíláàsì, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, mo kọ iye tó wúwo sílẹ̀. Mo da òróró náà sínú ife gígùn, mo bẹ̀rẹ̀, mo ka ìlà. Mo fi àyè pín ìwúwo. Dẹ́ńsítì omi jẹ́ ọ̀kan. Òróró tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì.

Mo tún un ṣe. Ohun kan náà ni mo rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ọbẹ̀ kaná rí mọ̀ pé òkè ni òróró máa ń léfòó sí, kò lè wúwo ju omi lọ. Mo wo òṣùwọ̀n, mo wo ìgò. Nígbà tí mo gbé ife gíláàsì náà sọ́wọ́ ni ó wá yé mi. Ó nípọn, ó wúwo. Nínú kọ̀ǹpútà wa, tí a bá gbé òróró sórí òṣùwọ̀n, ìwúwo òróró nìkan ló ń sọ. Ife inú kọ̀ǹpútà ò wúwo rárá. Kò sí ẹni tó kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ wọn ife lófìfo, òróró sì ti wá lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ káàkiri.

Àwọn kan ti ń to ìwé wọn jọ. Mo ti fa etí hìjáàbù mi láti fi nu inú ife náà kí n lè wọ̀n ọ́n, mo sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kí Ọlọ́hun là mí lójú, ni mo bá dáwọ́ dúró. Òróró tó lẹ̀ mọ́ ife yìí, ṣé ó wà nínú ife gígùn? Kò sí níbẹ̀. Mi ò sì tíì kà á mọ́ àyè tí mo kọ sílẹ̀. Kí ni mo wá fẹ́ nù ún fún? Mo fi hìjáàbù sílẹ̀, mo gbé ife náà sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú gbogbo òróró ara rẹ̀, mo yọ iye rẹ̀ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Mo tún pín in. Kò tó ọ̀kan mọ́, ó kù díẹ̀ kó tó o.

Màdáàmù ti dúró lẹ́yìn mi.

"Àwọn yòókù wọn ife tiwọn kí wọ́n tó da òróró sí i," ó ní. "Kí ló dé tí tìẹ fi jẹ́ ìgbẹ̀yìn?"

"Mo gbàgbé, Màdáàmù. Ní ilé-ìwé wa, ife kì í wúwo."

Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu.

"Ife kì í ṣe kí ni?"

"Inú kọ̀ǹpútà ni láàbù wa wà, Màdáàmù."

Ó wò mí, ó wo ife náà. "Ó sì dọ̀tí. O ò ní nù ún kí o tó wọ̀n ọ́n?"

"Rárá, Màdáàmù. Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò sí lára èyí tí mo wọ̀n nínú ife gígùn. Bí mo bá nù ún, màá kà á mọ́ ìwúwo òróró inú ife gígùn."

"Hẹn," ó ní, ó sì kọjá sí tábìlì tó kàn.

Bàbá mi bi mí ní géètì bó ṣe lọ. Mo ní mi ò mọ̀, òótọ́ sì ni. Gbogbo àkókò tí a fi ń dúró de èsì, mi ò lè wo ojú àǹtí mi láìronú nípa "Hẹn" yẹn.

Sà ló mú èsì wá, lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ kan. Ó kí àwọn òbí mi tán, ó wá fi Yorùbá sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹrù: "Wọ́n... wọ́n ti mú un." Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà, forí kanlẹ̀ níbi tó wà, ẹ̀wà sì fọ́n ká. Bàbá mi kọjú sí mi. Ó ní, "Mo ti sọ pé màá dúró tì ọ́."

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ife fún Sà, ó gbọ́wọ́ lérí. "Mi ò sọ fún yín," ó ń wí. "Òkúta nìkan ni mo rántí." Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń gbé ife gíláàsì, ìgò òróró àti òṣùwọ̀n ìyàwó rẹ̀ wá sí kíláàsì. Ẹni tó bá ṣe tán nídìí kọ̀ǹpútà á kọjá sídìí wọn, á sì tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tó ń yọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń po oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì ń dárúkọ Sà nínú àdúà mi. Ìwọ tí o kà á dé ibí, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí o tètè rí àṣìṣe rẹ, nígbà tí àtúnṣe ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Kí Ó fi ìbàlẹ̀ ọkàn sí ọ láyà ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń dán ọ wò, kí Ó sì ṣí ilẹ̀kùn tí o ń kàn fún ọ. Àmín.