Ìkúnlẹ̀ Tó Mi Ọkọ̀

Láàárọ̀ àná, aládùúgbò mi níbí l'Àkúrẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kékeré, irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀. Bí èéfín ṣe wọlé, àwọn ọmọ mi sáré lọ ti fèrèsé. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ díẹ̀ ná. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Wọn ò mọ̀ pé òórùn èbúté Igbókòdá ni mo ń gbọ́, òórùn ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, nílùú Oǹdó. Ìgbà le, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Àtòmọ́jú la máa ń tò fún epo, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì ni ìyá àgbà ń tọ́jú gààrí sí. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, ni wọ́n wá gbé lọ sí ilé-ìwé kan láàárín omi lọ́hùn-ún, ọ̀nà etí òkun. Ìparí oṣù nìkan ló ń wálé. Tó bá di Sọ́ńdè, tí ìsìn parí, á tún lọ wọkọ̀ ní Igbókòdá, èmi á wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí i.

Mo sunkún títí ìyá mi fi gbà láti mú mi dání. Ìyá àgbà sìn wá dé èbúté, ó ń kìlọ̀ lójú ọ̀nà: "Kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà tó o bá rí o. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Pákó gbọọrọ ni èbúté náà, tí wọ́n kàn wọ inú omi, tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹja gbígbẹ ń gòkè bọ̀, àpò gààrí ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ Ìlàjẹ tí ò tó mi lọ́jọ́ orí ń fò láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn bí ẹni wà ní pálọ̀ baba wọn. Nítorí ọ̀wọ́n epo, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé níbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, torí wọ́n ń dá tíṣà dúró nígbà náà bí ẹni ń já ewé.

Atukọ̀, bàbá kan tó gbẹ, fúnra rẹ̀ ló to èrò: ẹni tó sanra sáàárín, ẹni tó fẹ́ẹ́rẹ́ síwájú. Ó ti tan ẹ́ńjìnnì, èéfín ti bò wá, kí bàbá arúgbó kan tó wọlé gbẹ̀yìn. Mo rántí ìkìlọ̀. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ gbì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Ẹ káàsán sà!"

Ọkọ̀ fì. Omi rọ́ wọlé, apẹ̀rẹ̀ kan bọ́ sódò, ìyá kan ń ké pe Jésù. Atukọ̀ gbé mi, ó dá mi padà sórí pákó.

"Ọma yìí ò ní lọ lónìí."

Ìyá àgbà fara ya: "Ẹ̀kọ́ ilé ló ṣe, kò ṣẹ̀!"

"Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ nìyẹn, ìyá. Omi ní tiẹ̀."

Ìyá mi fẹ́ dìde, ó wò mí, ó tún jókòó. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi títí ọkọ̀ fi yà lọ. Ó dùn mí ju ikú bàbá mi lọ, mi ò sì fi pa mọ́.

Ní gbogbo oṣù yẹn, ìyá àgbà ń gbé mi jókòó lórí àpótí, á máa tiro kọjá níwájú mi bí arúgbó, kí n lè máa kí i láì dìde. Ojú ń tì í, òun àgbàlagbà tó ń kọ́ ọmọ láti má kúnlẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, mo jókòó jẹ́ẹ́, mo kàn tẹ orí ba kí gbogbo wọn. Atukọ̀ rẹ́rìn-ín, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ọdún mẹ́rin ni mo lò pẹ̀lú ìyá mi lórí omi.

Lónìí, àwọn ọmọ mi ń juwọ́ sí àgbà, mi ò sì bínú púpọ̀. Bóyá omi mìíràn ni wọ́n wà. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Orí àga ló ń wà l'Óǹdó, ọjọ́ mìíràn kì í rántí orúkọ mi. Sọ́ńdè tó kọjá, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gbá apá mi mú, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. Wọn á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀."

Mo jókòó.